Ẹsẹ̀ Ojúọlá Nínú Omi Àkùrọ̀

Ilẹ̀ kan wà láàárín Ìnísà àti Òkukù tó rẹlẹ̀ ju gbogbo ilẹ̀ tó yí i ká lọ. Tí òjò bá ń rọ̀, odò Ọ̀tìn á kún dé ibẹ̀, á sọ gbogbo rẹ̀ di ẹrẹ̀. Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá wá dé, tí ilẹ̀ òkè gbẹ tó ń sán, ibẹ̀ á ṣì tutù lábẹ́ ẹsẹ̀. Àlejò á wò ó, á pè é ní àbàtà. Ẹ má dán an wò lójú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ o. Lójú tiwọn, àbàtà ni ibi tí ọ̀pọ̀lọ́ ń gbé, tí èèyàn ń yà fún. Àkùrọ̀ ni ibi tí ẹ̀fọ́ tútù ti ń jáde nígbà tí àwọn olóko òkè ń wojú ọ̀run. Àkùrọ̀ Ìdí-Ìyeyè ni wọ́n ń pe tiwọn.

Obìnrin mọ́kànlá ló ń gbin ẹ̀fọ́ níbẹ̀ lọ́dún 1989, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ojúọlá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìyá Ìrètí ni gbogbo èèyàn ń pè é. Opó ni, Mákánjúọlá ọkọ rẹ̀ ló fi ebè méjìlélógún sílẹ̀ fún un lákùrọ̀ náà, kò sì fi ohun mìíràn sílẹ̀ tó ṣeé dì mú. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti gbọ́ọ̀rọ̀ ló ń gbìn. Ẹ̀fọ́ náà ló fi tọ́ Ìrètí, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó fi wá ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Ìkìrun. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tó ń lọ, ìjókòó ẹ̀yìn ni tirẹ̀, nítòsí ilẹ̀kùn. Wọn kò pè é síwájú ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀, ohun tó sì ń bà á lẹ́rù ju ejò lọ ni kí wọ́n dárúkọ rẹ̀ láàárín èrò.

Lábẹ́ igi ìyeyè, lókè àkùrọ̀ náà, ni ojú omi wà. Kòtò tí kálukú gbẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè rẹ̀, omi ìbomirin ni. Omi abẹ́ ìyeyè ni wọ́n ń mu. Wọ́n gbé ìtí igi kan dábùú etí rẹ̀. Orí ìtí igi yẹn ni èèyàn á dúró sí, á bẹ̀rẹ̀, á fi igbá bu omi. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Òfin náà ti wà kí wọ́n tó bí Bàbá Adépọ̀jù, olórí àkùrọ̀, Bàbá sì ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún. Ẹni tó bá rú u, ebè rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan rí. Obìnrin náà ń ta igi ìdáná ní Òkukù báyìí, tó bá sì ń kọjá lọ, àwọn èèyàn ṣì máa ń fi ẹnu júwe rẹ̀ fún ara wọn.

Lóṣù kejì ọdún yẹn, nǹkan kan lé sí ọrùn ẹsẹ̀ òsì Ojúọlá. Ó kọ́kọ́ rí bíi kókó, ó wá di ìléròrò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó o. Ó mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀: sòbìà ni. Ìyá rẹ̀ ní in, ìyá ìyá rẹ̀ ní in. Ohun tí gbogbo wọn sì mọ̀ nípa sòbìà ni pé wọ́n ń bí i mọ́ èèyàn lára ni, bí iṣan; tó bá wù ú, á jáde, tí kò bá wù ú, á jókòó jẹ́jẹ́. Ta ló máa sọ pé inú omi ló ti ń wá? Ó ká aṣọ mọ́ ọn, ó sọ fún àwọn tó bi í pé ọkọ́ ló ṣá òun. Tó bá sọ òótọ́, wọ́n á ní kó lọ jókòó sílé, ta ni yóò wá bomi rin ebè méjìlélógún nínú ọyẹ́?

Ní ọ̀sán Sátidé kan, àwọn yòókù ti lọ sọ́jà Òkukù. Oòrùn mú, ẹsẹ̀ náà ń jó o bí ẹni pé wọ́n tẹ ẹyin iná mọ́ ọn. Ó dúró lórí ìtí igi láti bu omi mu. Omi náà tutù, ó mọ́, ó ṣókùnkùn lábẹ́ ìbòòji ìyeyè. Ojúọlá wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Ó tú aṣọ náà, ó sì ki ẹsẹ̀ bọ omi títí dé ojúgun.

Ẹ̀yin tí sòbìà ò bá jà rí, ẹ má tíì dá a lẹ́bi. Ìrora náà lọ wàì. Ó dijú, ó mí kanlẹ̀. Nígbà tó lajú, ó rí ohun funfun kan tó ń tú jáde láti ojú ìléròrò náà, bí omi ògì, tó sì ń pòórá sínú omi. Kò kà á sí. Ó tún wé aṣọ náà mọ́ ẹsẹ̀, ó lọ ká ṣọkọ.

Ọjọ́ keje lẹ́yìn ìyẹn ni Tíṣà Titus dé. Ọ̀dọ́ tó ń kọ́ni ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìnísà ni, kánsù sì ti yàn án pé kó máa la àwọn èèyàn lọ́yẹ̀ nípa sòbìà. Ó ti wá lẹ́ẹ̀kan rí, ó pín aṣọ asẹ́ funfun fún wọn pé kí wọ́n máa fi sẹ́ omi mu. Àwọn ìyá gba aṣọ, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì ń fi sẹ́ ògì. Lọ́tẹ̀ yìí, ìgò ló gbé dání. Omi odò kan láti ọ̀nà Ìbà ló wà nínú rẹ̀. Ó gbé e sójú oòrùn, ó ní kí wọ́n sún mọ́ ọn.

"Ẹ wo inú ẹ̀ dáadáa," ó ní. "Ṣé ẹ rí nǹkan wínníwínní tó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún yẹn? Kòkòrò inú omi ni. Tí ẹni tó ní sòbìà bá ki ẹsẹ̀ bọ omi, sòbìà yẹn á tú ọmọ sínú ẹ̀, funfun báyìí. Kòkòrò yìí á gbé ọmọ náà mì. Tó bá ti pé ọjọ́ mẹ́rìnlá, ọmọ yẹn ti gbó nínú ẹ̀. Ẹni tó bá mu omi náà láìsẹ́ ẹ, ọdún kan gbáko lẹ́yìn náà, á rí i lẹ́sẹ̀ ara ẹ̀. Kò sì sí oògùn kankan tó lè pa á nínú ara."

Bọ́sẹ̀dé rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ Ojúọlá ni, ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ orí, ebè wọn fara kanra. "Tíṣà, ṣé kòkòrò tí ò tó iyanrìn yìí ló máa di okùn gígùn yẹn?"

"Òun ni, Ìyá Dára." Titus kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnì kan tó ní sòbìà ti ki ẹsẹ̀ bọ ojú omi yín yìí? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún mi. Kánsù ní oògùn tí wọ́n ń dà sínú omi, á pa kòkòrò náà kó tó pé ọjọ́ mẹ́rìnlá, kò sì ní í ṣe yín ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n oògùn náà ò pọ̀. Ibi tó bá dájú pé ẹnì kan ti wọ̀ nìkan ni wọ́n ń dà á sí."

Bàbá Adépọ̀jù ní òfin àwọn ti dáàbò bo omi àwọn láti ayébáyé, kí Tíṣà fọkàn balẹ̀. Ojúọlá wo ìgò náà, ó sì wo nǹkan tó ń ta nínú rẹ̀. Funfun bí omi ògì: òun nìkan ló mọ̀ pé ọkùnrin yìí kò purọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé etí ahọ́n rẹ̀. Ó rí ojú Bàbá. Ó rí ebè rẹ̀ méjìlélógún, ó rí obìnrin onígi Òkukù. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Titus di ìgò rẹ̀, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ méje ló kù, ó sì ń kà á bí ẹni tí wọ́n dá ọjọ́ ìdájọ́ fún. Ó lọ sí ilé Titus lọ́jọ́ Ajé pé òun á sọ fún un ní kọ̀rọ̀, ìyàwó rẹ̀ ní ó ti lọ sí Òṣogbo fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ó di ọjọ́ Àìkú kó tó dé. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún nìyẹn á jẹ́. Ẹrù rẹ̀ wá di méjì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kèrègbè gbé omi sísè láti ilé, ó ń fi lọ gbogbo ẹni tó bá sọ pé òùngbẹ ń gbẹ òun. Ó ní omi abẹ́ ìyeyè ti ń rùn sí òun. Bọ́sẹ̀dé bu ú, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, "Ìyá Ìrètí, imú rẹ ló ń rùn," ó sì mu ún títí dé ìsàlẹ̀ igbá. Ojúọlá dúró, ó ń wo ọ̀nà ọ̀fun ọ̀rẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè sódò. Ọjọ́ kọkànlá tó ti ki ẹsẹ̀ bọ omi nìyẹn. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé omi náà kò tíì burú, ó ku ọjọ́ mẹ́ta.

Ìgbà náà ni ọgbọ́n burúkú kan sọ sí i lọ́kàn. Ní Ọjọ́bọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó dé àkùrọ̀, ó ri igi kan mọ́lẹ̀ létí ojú omi, ó so aṣọ pupa mọ́ ọn, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò àti awẹ́ bàtà tó ti gbó. Àálè ni. Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ ohun tó túmọ̀ sí: ẹni tó bá fọwọ́ kan ohun tí wọ́n fi í sí lára, ojú rẹ̀ á rí nǹkan. Ó gbàdúrà sí Ọlọ́run pé kó dárí ji òun, ọmọ Aládùúrà tó ń so àálè. Ó rò pé wọ́n á bẹ̀rù rẹ̀ títí Titus á fi dé lọ́jọ́ Àìkú. Ohun tí kò rò ni pé ohun ìní ẹni ni èèyàn ń so àálè sí. Ta ló ní omi tí gbogbo ayé ń mu?

Ọjọ́ méjì ni ẹnikẹ́ni kò fi débi omi náà, ọkàn Ojúọlá sì balẹ̀ díẹ̀. Ní Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá gan-an, Bàbá Adépọ̀jù ránṣẹ́ pe gbogbo wọn. Nígbà tí Ojúọlá débẹ̀, Bàbá ti fa àálè náà tu, ó wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìrètí náà wà níbẹ̀. Ó ti Ìkìrun wá láti ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ ká ẹ̀fọ́, aṣọ tó rán fúnra rẹ̀ ló wọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí i.

"Ẹnì kan láàárín wa fẹ́ gba omi yìí mọ́ wa lọ́wọ́," ni Bàbá wí. Kò pariwo. "Mi ò ní í bi yín pé ta ni. A máa mu ún, gbogbo wa, lọ́kọ̀ọ̀kan, àti olóko àti ẹni tó bá olóko wá. Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ bá mọ́, á lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹni tó so àálè, ẹ jẹ́ ó gbìyànjú kó gbé e mì."

Ẹnì kan bi í bóyá kí wọ́n lọ mú aṣọ Tíṣà wá sẹ́ ẹ. Bàbá ní omi ìbúra kì í gba asẹ́.

Wọ́n tò. Bàbá ló ṣíwájú, Bọ́sẹ̀dé tẹ̀ lé e, Ìrètí ló ṣe ìkẹta, Ojúọlá sì wà lẹ́yìn ọmọ rẹ̀. Ó rò pé òun á sọ ọ́ kí Bàbá tó gbé igbá sẹ́nu. Bàbá mu, ó nu irùngbọ̀n rẹ̀. Ó rò pé òun á sọ ọ́ báyìí, kó tó kan Bọ́sẹ̀dé. Bọ́sẹ̀dé gba igbá, ó yíjú sẹ́yìn, ó ṣẹ́jú sí Ojúọlá bí ẹni pé gbogbo eré yìí ń pa á lẹ́rìn-ín. Ojúọlá ń wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wo ojú rẹ̀, Bọ́sẹ̀dé sì mu ún. Ó bu igbá náà kún, ó gbé e fún Ìrètí.

Ẹsẹ̀ Ìrètí ni Ojúọlá rí. Ẹsẹ̀ tó fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kò mọ ìgbà tó na ọwọ́. Igbá náà fò, omi dà sí ọmọ náà láyà.

"Èmi ni," ó ní. "Èmi ni mo so ó. Sòbìà ló wà lẹ́sẹ̀ mi, kì í ṣe ọkọ́. Mo ki ẹsẹ̀ bọ omi. Ó pé ọjọ́ mẹ́rìnlá lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mu ún mọ́."

Ó tú aṣọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n lè rí i. Àwọn obìnrin náà kàn ń rìn sẹ́yìn kúrò lára rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, títí ó fi ku òun nìkan lórí ìtí igi náà. Bàbá Adépọ̀jù wò ó pẹ́. Ó ní, "Ìyá Ìrètí, o mọ òfin," ó sì yí padà lọ sílé rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá.

Bọ́sẹ̀dé nìkan ló dúró. Ó ti fi ìka kan ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láti bì, kò rí nǹkan kan bì. "O ń wò mí," ó ní. "Nígbà tí mo gbé igbá sẹ́nu, o ń wò mí." Lẹ́yìn náà, òun náà lọ.

Titus dé lọ́jọ́ Àìkú, ó da oògùn sínú omi náà, ó sì gbọ́ pé ẹni méjì péré ló mu ún lọ́jọ́ kẹrìnlá. Ó ní kí wọ́n dúpẹ́. Fún ẹni méjì náà, ó ní kò sí ohun tí òun lè ṣe, àfi kí wọ́n dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ó ṣeé ṣe kó jáde, ó ṣeé ṣe kó má jáde.

Ọdún yẹn gùn. Ebè méjìlélógún náà bọ́ lọ́wọ́ Ojúọlá. Ó ń bá àwọn elépo fọ́ ẹyìn ní Ìnísà, ó ń jẹ ohun tó bá rí. Àwọn èèyàn ń fi ẹnu júwe rẹ̀, ó sì rí i pé ìyẹn kì í pani. Ẹ̀rù mìíràn ló ń jẹ ẹ́ nínú. Tó bá pàdé Bàbá Adépọ̀jù, ẹsẹ̀ Bàbá ló kọ́kọ́ ń wò. Tí Bọ́sẹ̀dé bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, Ojúọlá á jáde síta, á máa wo ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ títí á fi yà sí kọ̀rọ̀. Bọ́sẹ̀dé mọ̀ pé ó ń wo òun. Kò kí i, kò bú u, kò yíjú sí i. Òjò rọ̀, òjò dá, ọyẹ́ dé, Ìrètí gba fíríìdọ̀mù rẹ̀ ní Ìkìrun, ìyá rẹ̀ kò sì lè jókòó gbádùn ọjọ́ náà. Oṣù kejì ń bọ̀.

Oṣù náà wọlé, kò sí nǹkan kan lára Bàbá. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Ojúọlá ti ń mí díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, Dáraolúwa, ọmọbìnrin Bọ́sẹ̀dé, kanlẹ̀kùn. "Ẹ kúùrọ̀lẹ́, mà. Ìyá mi ní kí ẹ máa bọ̀. Wọn ò lè dìde."

Sòbìà ti bẹ́ sí ìsàlẹ̀ orúnkún Bọ́sẹ̀dé. Òmíràn ti ń wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Titus kọ́ Ojúọlá bí wọ́n ṣe ń ká a: igi pẹlẹbẹ kékeré kan lèèyàn á wé orí sòbìà náà mọ́, á yí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lójúmọ́, á sì dì í síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Kò gbọ́dọ̀ fà á. Tó bá já, apá tó kù nínú á kú síbẹ̀, ẹsẹ̀ náà á wú, ó sì lè rọ títí láé. Titus ní ó sàn kó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló máa wá ṣe é. Bọ́sẹ̀dé ní rárá, Ìyá Ìrètí ni òun fẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni Ojúọlá ṣe ń lọ láràárọ̀. Á kọ́kọ́ lọ bomi rin ebè Bọ́sẹ̀dé lákùrọ̀, ebè tó fara kan èyí tó ti jẹ́ tirẹ̀ rí, kò sì sẹ́ni tó lé e. Á wá sí ilé, á kúnlẹ̀ síwájú ẹsẹ̀ náà, á yí igi lẹ́ẹ̀kan, á dì í, á lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọn kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ ju "rọra" lọ. Lọ́jọ́ kẹwàá, nígbà tó di igi náà mú láàárín ìka méjì, Bọ́sẹ̀dé pe orúkọ rẹ̀.

"Ìyá Ìrètí, mo fẹ́ bi ọ́ ní ọ̀rọ̀ kan. Ká ní Ìrètí ò wá láti Ìkìrun lọ́jọ́ yẹn, ṣé o máa sọ̀rọ̀?"

Láti ọjọ́ tí igbá ti fò, ìbéèrè yìí ló ti ń sá fún. Ó mọ ohun tó yẹ kó sọ. Ó ti gbé e sílẹ̀ lọ́kàn láti ọdún kan, ó ti gbà á ládùúrà: bẹ́ẹ̀ ni, mo máa sọ̀rọ̀, mo ti fẹ́ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ó gbójú sókè. Bọ́sẹ̀dé ń wò ó bó ṣe wò ó lójú omi, àmọ́ kò ṣẹ́jú.

"Mi ò mọ̀," ni Ojúọlá wí.

Bọ́sẹ̀dé na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú sí i, ó gbé e lé itan Ojúọlá. "Ó dáa," ó ní. "Máa ká a lọ."

Ojúọlá yí igi náà lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀díẹ̀, kí sòbìà náà má baà já.